Iná Orí Ọdẹ àti Iná Ara Ìbọn

Nígbà tí mo dé Òfìkì kẹ́yìn, àwọn ọdẹ tó ń bá wa ṣọ́ oko ń jiyàn lọ́wọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ní kí wọ́n so tọ́ọ̀ṣì mọ́ ìbọn, kí méjèèjì di ọ̀kan. Àwọn àgbà ní rárá, kí iná wà lórí, kí ìbọn wà lọ́wọ́. Iyàn yìí ti pẹ́, ẹ jẹ́ kí a tọpa rẹ̀.

Láyé àtijọ́, òṣùpá ni iná ọdẹ. Ọdẹ á gun igi tó ń so, á jókòó de ẹran tó ń bọ̀ wá jẹ èso abẹ́ rẹ̀. Àtùpà elépo kò lè tàn dé ọ̀ọ́kán. Kábáàdì ló yí ọ̀rọ̀ padà. Ní 1892, ní North Carolina ní Amẹ́ríkà, ohun mìíràn ni Thomas Willson ń wá nínú iná ìléru tó fi ṣàwárí bí a ṣe lè ṣe òkúta kábáàdì lọ́pọ̀. Bí omi bá kán sí òkúta náà, á tú afẹ́fẹ́ kan jáde tó ń jó funfun báláú. Àwọn awakùsà àti àwọn oníkẹ̀kẹ́ lò ó lọ́hùn-ún. Nígbà tó dé ọwọ́ àwọn ọdẹ wa, iwájú orí ni wọ́n dè é mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ lò ó mọ òórùn rẹ̀! (Pàǹtí funfun abẹ́ rẹ̀ yẹn, ẹ má dà á sódò o, ó ń pa ẹja.)

Kì í ṣe àṣà lásán ni wọ́n fi gbé e sórí. Ìmọ́lẹ̀ tó bá wọ ojú ẹtu tàbí ìgalà a máa padà gba ibi tó gbà wá, nítorí náà ẹni tí iná wà nítòsí ojú rẹ̀ ló ń rí i bó ṣe ń dán. Bí iná bá wà lára ìbọn, àfi kí ẹ gbé ìbọn sójú kí ẹ tó rí i. Ìyẹn ni pé ẹ ó ti na ìbọn sí ohun tí ẹ kò tíì mọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rù ti ń bà mí. Ojú ajá, ojú ewúrẹ́ àti ojú màlúù náà ń dán. Ojú ènìyàn kì í dán bẹ́ẹ̀. Ẹran kékeré tó wà nítòsí sì lè jọ ẹran ńlá tó wà lókèèrè.

Ọ̀rọ̀ jíjìnnà yìí da àwọn òyìnbó náà láàmú. Ní 1888, Barr àti Stroud bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ẹ̀rọ tí ń wọn ọ̀nà jíjìn fún àwọn ológun Bìrìtìkó. Ní 1992, Leica ti Jámánì fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sínú awò olójú méjì tí ń fa ohun òkèèrè mọ́ni. Àwọn ọdẹ wọn ṣì ń jiyàn: ohun méjì lọ́tọ̀, tàbí méjì nínú ọ̀kan? Bí èyí tó para pọ̀ bá bàjẹ́, méjèèjì ló lọ, owó rẹ̀ sì ga. Lójú tèmi, kò yẹ kí ẹgbẹ́ wa náwó sí i. Ìbọn ọlọ́ta wẹ́wẹ́ kì í ṣiṣẹ́ gidi kọjá nǹkan bí 40 mítà, ti ṣakabùlà kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ìgbésẹ̀ ka ọ̀nà oko yín lọ́sàn-án, kí ẹ ri èèkàn mọ́ ibi tí ó tó. Awò lásán fún wíwo ọ̀bọ àti màlúù lókèèrè tó, kan péré fún gbogbo ẹgbẹ́. Ẹ rántí ìwé àṣẹ ìbọn lábẹ́ òfin 1959, àti pé kò sí ọdẹ ṣíṣe nínú ọgbà ẹranko Old Oyo.

Lóru ọjọ́ kan lẹ́bàá odò Òfìkì, mo tẹ̀ lé bàbá ọdẹ kan. Ojú méjì dán nínú koríko. Bàbá kò gbé ìbọn, orí nìkan ló ń yí, iná ń tẹ̀ lé e. Ó pẹ́ títí. Ajá ni. Nígbà tí iná lọ sí ẹ̀yìn ajá náà, a rí olówó rẹ̀ tó dúró, tó ru iṣu, tí kò lè sọ̀rọ̀.