Láti EDSAC dé JdbcTemplate: Ìtàn Bí A Ṣe Dín Àkọtúnkọ Kù Nínú Ètò Àká Dátà

Kókó tí mo gbé wá síwájú yín ni ìtàn bí àwọn olùkọ ètò kọ̀ǹpútà ṣe bọ́ lọ́wọ́ kíkọ ohun kan náà ní àkọtúnkọ nígbàkigbà tí ètò wọn bá fẹ́ bèèrè nǹkan lọ́wọ́ àká dátà. Àká dátà ni mo pe ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó àkọsílẹ̀ pamọ́ sí, bí orúkọ àwọn oníbàárà ilé ìfowópamọ́ àti iye owó wọn. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà lè rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tí a bá kọ ní ìgbà ọgọ́rùn-ún, a ó gbàgbé apá kan rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan náà sì lè dá iṣẹ́ odidi ilé ìfowópamọ́ dúró.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1949 ni ẹ̀rọ EDSAC, tí Maurice Wilkes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ ní Yunifásítì Cambridge, ṣe iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́. Kò pẹ́ tí Wilkes fi rí i pé wíwá àṣìṣe kiri nínú ètò ara òun ni yóò gba èyí tí ó pọ̀ nínú ọjọ́ ayé òun. Wọ́n wá kó àwọn ètò kéékèèké tí a ti dán wò sórí téèpù oníbébà tí a lu ihò sí, wọ́n sì tò wọ́n sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹni tí ó bá nílò ọ̀kan yóò da ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ ètò tirẹ̀. David Wheeler ni ó wá ọgbọ́n tí ètò ńlá yóò fi yà sínú ètò kékeré, tí yóò sì padà síbi tí ó ti yà, bí ẹni rán ọmọ níṣẹ́. Òun, Wilkes àti Stanley Gill kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ní 1951.

Àká dátà dé lẹ́yìn èyí. Charles Bachman ṣe IDS ní General Electric ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Ní 1970, E. F. Codd ti IBM dábàá pé kí a to dátà sínú tábìlì, láti inú èyí tí èdè SQL ti jáde.

Ní 1997, ilé-iṣẹ́ Sun fi JDBC kún èdè Java. Ibí ni àkọtúnkọ ti di àjàgà lọ́rùn. Olùkọ ètò yóò ṣí ìsopọ̀, yóò pèsè ìbéèrè, yóò fi í ránṣẹ́, yóò ka èsì ní ìlà kọ̀ọ̀kan, yóò sì wá ti gbogbo ohun tí ó ṣí. Bí nǹkan bá bàjẹ́ láàárín, ó ṣì gbọ́dọ̀ tì wọ́n. Ìsopọ̀ ní iye. Èyí tí a kò bá tì kò ní wúlò fún ẹlòmíràn, títí wọn yóò fi tán, tí gbogbo ènìyàn yóò sì máa dúró.

Ọ̀nà ọmọ-iṣẹ́ ti Wheeler nìkan kò lè wo èyí sàn. Iwájú àti ẹ̀yìn ni àtúnkọ wà. Àárín ni ó ń yàtọ̀. Rod Johnson, nínú ìwé kan tí ó tẹ̀ jáde ní 2002, yí ọ̀rọ̀ náà po. Àkójọ ètò rẹ̀ ni onílé: òun ni ó ń ṣílẹ̀kùn, òun náà ni ó ń tì í. Olùkọ ètò kàn mú ìbéèrè wá pẹ̀lú ètò kékeré tí onílé yóò pè fún ìlà èsì kọ̀ọ̀kan. Èyí ni JdbcTemplate tí ó wà nínú Spring 1.0 ní 2004.

Àwọn kan ka ìyípo yìí sí ọgbọ́n ayé òde òní. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Nínú kọ́bọ́ọ̀dù Cambridge náà, ètò kan wà fún ìṣirò tí ó ń sọ bí ohun kan ṣe ń yí padà láti ìgbà dé ìgbà. Ẹni tí ó bá lò ó ni yóò kọ apá tí ó jẹ́ ti ìṣòro tirẹ̀. Ètò kọ́bọ́ọ̀dù ni yóò máa pè é ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn oníṣirò ti ní irinṣẹ́ náà lọ́wọ́ ní àádọ́ta ọdún ṣáájú.

Ní 2011, Java 7 mú kí èdè náà fúnra rẹ̀ máa ti ohun tí a ṣí. Síbẹ̀, kíka èsì àti títúmọ̀ àṣìṣe kò kúrò nílẹ̀, nítorí náà nígbà tí Spring 6.1 mú JdbcClient jáde ní 2023, orí JdbcTemplate ni wọ́n kọ́ ọ lé.