Géèmù lẹ fẹ́ ṣe, ta ló wá ń ṣọ́ láptọ́ọ̀pù yín? Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa anti-cheat

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa ní Alápẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ méjì ni ṣọ́ọ̀bù yẹn ń ṣe. Níwájú, wọ́n ń tẹ ìwé, wọ́n ń ṣe fọ́tòkópì, wọ́n ń ya pásípọ́ọ̀tù, wọ́n sì ń bá èèyàn tẹ NIN síta. Lẹ́yìn kọ́tìnnì, ilé géèmù ni: tẹlifíṣọ̀n méjì, PS4 méjì, bẹ́ǹṣì gígùn kan, àti àwọn ọmọ àdúgbò tí ariwo wọn ju ti jẹnẹrétọ̀ lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan yìí." Bó ṣe kí mi káàbọ̀ nìyẹn. Ó nawọ́ sí igun ìsàlẹ̀ láptọ́ọ̀pù rẹ̀, níbi tí àmì kékeré kan wà. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti fọwọ́ kan géèmù tó gbé àmì náà wá, àmọ́ gbogbo ìgbà tó bá ti tan láptọ́ọ̀pù ni àmì yẹn ti ń jókòó síbẹ̀ kó tó ṣí ohunkóhun. Ó rò pé fáírọ́ọ̀sì ni.

Kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì. Anti-cheat géèmù náà ni, òun fúnra rẹ̀ ló sì tẹ "mo gbà" lọ́jọ́ tó ń gbé e sórí láptọ́ọ̀pù, torí pé bí kò bá tẹ̀ ẹ́, géèmù ò ní ṣí. Èmi náà ti tẹ irú ẹ̀ rí láìka nǹkan kan. Àmọ́ lórí láptọ́ọ̀pù tirẹ̀, fódà kan wà tó kún fún NIN, CV, èsì WAEC àti fọ́tò àwọn oníbàárà. Ìbéèrè tó bi mi nìyí: "Nígbà tí mi ò ṣe géèmù, kí ló wá ń ṣọ́?"

Mo ní kí n dá a lóhùn dáadáa, kí ẹ̀yin náà lè jẹ nínú ẹ̀.

Kí ni anti-cheat gan-an?

Ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣe géèmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì mọ òjóró. Àwọn kan ń ra sọ́fítíwíà tó ń bá wọn da ẹnu ìbọn kọ orí ẹni tí wọ́n ń bá jà. Àwọn mìíràn ń lo èyí tó ń jẹ́ kí wọ́n rí èèyàn láti ẹ̀yìn ògiri. Bí òjóró bá ti pọ̀ jù, àwọn tó ń ṣe òótọ́ á fi géèmù náà sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ilé-iṣẹ́ fi ṣe anti-cheat, kó máa wò bóyá ohun kan ń tọwọ́ bọ géèmù náà.

Títí dé ibẹ̀, kò sí ìjà. Ibi tó ń jókòó sí lórí kọ̀ǹpútà ló dá ìjà sílẹ̀.

Ẹ rò ó bí ilé face-me-I-face-you. WhatsApp, Chrome, Word, gbogbo wọn ayálégbé ni. Kálukú wà nínú yàrá tirẹ̀, Windows ló sì ń pinnu ẹni tó lè wọ yàrá ẹlòmíràn. Àmọ́ apá kan wà nínú Windows tí wọ́n ń pè ní kernel. Ọ̀dọ̀ lándílọ́ọ̀dù nìyẹn. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́ gbogbo yàrá. Àwọn tó ń ṣe òjóró ń fi sọ́fítíwíà wọn pamọ́ síbẹ̀ kí wọ́n má bàa rí wọn mú, ni àwọn tó ń ṣe géèmù bá tẹ̀ lé wọn wọbẹ̀.

Nítorí náà, anti-cheat tó wà ní kernel lágbára láti rí ohun gbogbo tó wà lórí kọ̀ǹpútà yín. Pé ó lágbára láti rí i kò túmọ̀ sí pé ó ń wò ó o. Àmọ́ èmi àtẹ̀yin tí a kàn ń lo láptọ́ọ̀pù kò ní ọ̀nà tó rọrùn láti fi mọ̀ bóyá ó ń wò ó. Ọ̀rọ̀ ẹnu ilé-iṣẹ́ la máa gbà.

Àwọn géèmù wo ló ń lò ó?

- Valorant, tí Riot Games gbé jáde lọ́dún 2020, ń lo Vanguard. Bí ẹ bá ti ń tan kọ̀ǹpútà báyìí, Vanguard náà ti ń jí. Ẹ lè pa á, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ tún kọ̀ǹpútà tàn kí ẹ tó lè ṣe géèmù náà padà. Lọ́dún 2024, Riot fi Vanguard kún League of Legends náà.
- Call of Duty ń lo Ricochet, tí Activision kéde lọ́dún 2021.
- FIFA 23 lórí kọ̀ǹpútà ló bẹ̀rẹ̀ sí í lo EA AntiCheat lọ́dún 2022, EA Sports FC tó rọ́pò rẹ̀ sì ń lò ó. EA ní ìgbà tí géèmù bá ń lọ nìkan ló ń ṣiṣẹ́.
- Fortnite àti PUBG lórí kọ̀ǹpútà ń lo Easy Anti-Cheat tàbí BattlEye.

Ẹ ṣàkíyèsí ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn. Òmíràn ń bá géèmù jí, ó ń bá géèmù sùn. Òmíràn ń bá kọ̀ǹpútà jí. Irú èkejì yìí ló wà lórí láptọ́ọ̀pù ọmọ Alápẹ̀rẹ̀ wa.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbá bọ́ọ̀lù lórí PS4 tàbí PS5, ọ̀rọ̀ kernel yìí ò kàn yín. Tiyín ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Ṣé ẹ̀rù yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀?

Ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹ wo àwọn tó ti ṣẹlẹ̀ rí.

Lọ́dún 2013, àṣírí tú pé sọ́fítíwíà anti-cheat ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ ESEA ní Amẹ́ríkà ń fi kọ̀ǹpútà àwọn oníbàárà wa Bitcoin láìsọ fún wọn. Ìjọba ìpínlẹ̀ New Jersey ní nǹkan bí 14,000 kọ̀ǹpútà lọ̀rọ̀ náà kàn. Mílíọ̀nù kan dọ́là ni wọ́n fi yanjú ẹjọ́ náà, àmọ́ wọ́n dá èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà dúró, pé bí ilé-iṣẹ́ náà bá tún dẹ́ṣẹ̀ ni yóò tó san án.

Lọ́dún 2016, Capcom fi nǹkan kan kún Street Fighter V láti dènà òjóró. Ó wá hàn pé ohun tí wọ́n fi sí kernel yẹn ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún sọ́fítíwíà èyíkéyìí tó bá fẹ́ gba ibẹ̀ wọlé. Wéré ni wọ́n yọ ọ́.

Lọ́dún 2022, ilé-iṣẹ́ ààbò Trend Micro ròyìn pé àwọn ọ̀daràn mú fáìlì anti-cheat Genshin Impact, wọ́n sì fi pa antivirus lórí kọ̀ǹpútà àwọn tí wọ́n fẹ́ gbowó ìtúsílẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Kò pọn dandan kí géèmù náà wà lórí kọ̀ǹpútà ẹni tí wọ́n kọlù. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe é kọ́ ló lọ jalè. Kọ́kọ́rọ́ tó ṣe ló bọ́ sọ́wọ́ olè.

Ní July 19, 2024, ẹ ó rántí ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà kú ní pápákọ̀ òfuurufú àti báǹkì káàkiri ayé. CrowdStrike kì í ṣe ilé-iṣẹ́ géèmù, ààbò ni wọ́n ń tà. Àmọ́ kernel ni sọ́fítíwíà wọn wà, àṣìṣe kan ṣoṣo sì da kọ̀ǹpútà Windows tó tó mílíọ̀nù 8.5 dúró. Bí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́dọ̀ lándílọ́ọ̀dù, gbogbo ilé ló máa ṣókùnkùn.

Kí n má ṣe àbòsí, àwọn ilé-iṣẹ́ náà ní tiwọn láti sọ. Lọ́dún 2020 tí ariwo Vanguard gbòde, Riot ní apá tó wà ní kernel kì í kó ìsọfúnni kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sí àwọn. Wọ́n sì ní àwọn máa fún ẹni tó bá rí ihò ńlá nínú rẹ̀ lówó tó lè tó 100,000 dọ́là. Ìyẹn dáa. Lọ́dún kan náà, wọ́n fi Denuvo Anti-Cheat kún Doom Eternal ní May. Àwọn tó ń ṣe géèmù náà fárígá, kí oṣù náà sì tó parí, wọ́n ti kéde pé àwọn máa yọ ọ́. Tí èèyàn bá pariwo, wọ́n máa ń gbọ́.

Tàwọn oní-PlayStation: ákáǹtì tí a fi àdírẹ́sì irọ́ ṣí

Kì í ṣe sọ́fítíwíà nìkan ni wọ́n ń fi dandan béèrè, wọ́n ń béèrè ákáǹtì náà. Níbí yìí, ọ̀rọ̀ kan Nàìjíríà tààrà.

Ní May 2024, Sony kéde pé gbogbo ẹni tó ń ṣe Helldivers 2 lórí kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ so ó mọ́ ákáǹtì PSN. Àwọn èèyàn ti fowó ra géèmù náà lórí Steam, wọ́n sì ti ń ṣe é láti February. Wàhálà ibẹ̀ ni pé orílẹ̀-èdè púpọ̀ ni PSN kò sí, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Wọ́n yọ géèmù náà kúrò ní títà ní ibi tó lé ní 170. Àwọn èèyàn fi àwíjàre tó lé ní 200,000 ta ko géèmù náà lórí Steam láàárín ọjọ́ díẹ̀, Sony sì padà lẹ́yìn ìpinnu náà.

Ẹ wá wo ilé géèmù wa. Báwo ni àwọn PS4 Alápẹ̀rẹ̀, Ketu àti Mile 12 ṣe ní ákáǹtì? A máa ń mú Amẹ́ríkà tàbí Gẹ̀ẹ́sì, a óò sì kọ àdírẹ́sì ilé tí a ò dé rí. Àdéhùn PSN ní òótọ́ ni kí ẹ kọ. Ìyẹn ni pé ẹni tó ná owó gidi lórí ákáǹtì irọ́ ń jókòó lórí àga ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Bí wọ́n bá tì í pa, kí lẹ máa fi hàn pé ẹ̀yin lẹ ni ín? Ẹ má sì gbàgbé pé lọ́dún 2011, àwọn kan já wọ PSN, wọ́n sì dé ìdí ìsọfúnni ákáǹtì tó tó mílíọ̀nù 77. Bí pásíwọ́ọ̀dù tí ẹ lò níbẹ̀ bá jẹ́ ti ímeèlì yín náà, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní géèmù nìyẹn.

Kí ni òfin Nàìjíríà sọ?

Abala 37 ìwé òfin 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ Nàìjíríà. Lọ́dún 2023, òfin ààbò ìsọfúnni, NDPA, wọlé, àjọ NDPC ló sì ń mójú tó o. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tí ilé-iṣẹ́ kan mọ̀ nípa yín, kí wọ́n tún un ṣe tàbí kí wọ́n pa á rẹ́. Bí ọmọ kò bá tí ì pé ọdún 18, òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ ló yẹ kó fọwọ́ sí i. Òfin náà kan ilé-iṣẹ́ òkèèrè tó bá ń lo ìsọfúnni ẹni tó wà ní Nàìjíríà. Kì í sì ṣe òfin orí ìwé lásán. Lọ́dún 2025, NDPC bu owó ìtánràn tó lé ní mílíọ̀nù 766 náírà lé MultiChoice Nàìjíríà.

Àmọ́ ibì kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò. Òfin yẹn kan ọmọkùnrin oníṣọ́ọ̀bù náà. Ó ń gba NIN àti fọ́tò àwọn èèyàn fún iṣẹ́ owó, nítorí náà òun náà gbọ́dọ̀ dáàbò bò wọ́n. Bí ìsọfúnni náà bá jò síta, tó sì lè pa àwọn tó ni ín lára, wákàtí 72 ni òfin fún un láti fi tó NDPC létí.

Ní ìlú òyìnbó, ẹni tó ń ṣe géèmù sábà máa ń ní kọ̀ǹpútà tó yà sọ́tọ̀ fún un. Ní tiwa, láptọ́ọ̀pù kan ni a fi ń ṣe géèmù, tí a fi ń ṣe iṣẹ́, tí a fi ń wọ báǹkì, tí àbúrò sì fi ń fọ́ọ̀mù JAMB. Tí ẹ bá tẹ "mo gbà", kì í ṣe ẹ̀yin nìkan lẹ gbà fún.

Ohun tí ẹ lè ṣe

1. Kí ẹ tó ra géèmù, ẹ ka ojú ewé rẹ̀ lórí Steam. Wọ́n ń kọ ọ́ síbẹ̀ bó bá ń lo anti-cheat tàbí bó bá fẹ́ ákáǹtì mìíràn.
2. Bí agbára bá wà, ẹ ya láptọ́ọ̀pù iṣẹ́ sọ́tọ̀. Ṣíṣí user kejì lórí Windows ò tó, torí kernel kan náà ni wọ́n jọ ń lò.
3. Bí agbára ò bá sí, ẹ kó fáìlì oníbàárà sórí hard disk tí ẹ máa ń yọ kí ẹ tó ṣe géèmù. Èyí tí ẹ bá ti tẹ̀ tán, ẹ pa á rẹ́.
4. Bí ẹ bá yọ géèmù, ẹ wo inú Settings, níbi Apps, bóyá anti-cheat rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń yọ Riot Vanguard.
5. Ákáǹtì géèmù kọ̀ọ̀kan, pásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀. Ẹ tan ìfìdímúlẹ̀ onígbèésẹ̀ méjì pẹ̀lú.
6. Ẹ má gba géèmù jíjà tàbí sọ́fítíwíà òjóró lórí Telegram. Tí wọ́n bá ti ní kí ẹ kọ́kọ́ pa antivirus, ẹ sá. Ilé-iṣẹ́ tó ní orúkọ, a ṣì lè pè é lẹ́jọ́. Ta lẹ fẹ́ pè níbẹ̀?

Ọmọkùnrin náà yọ anti-cheat rẹ̀ lójú mi. Géèmù náà kọ̀, kò ṣí mọ́, bí a ṣe retí. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó lọ ra hard disk kékeré kan ní Computer Village, ibẹ̀ ni NIN àwọn èèyàn ń gbé báyìí. Ó ní òun máa gbé géèmù náà padà tí òun bá ti lówó láptọ́ọ̀pù kejì.

Bí mo ṣe ń jáde, ìyá kan wọlé pé òun fẹ́ tẹ NIN òun. Ó na fóònù sí i, ó sì jókòó. Kò bi í léèrè ohun tó wà lórí láptọ́ọ̀pù náà, ta ni ì bá sì ti sọ fún un pé ó yẹ kóun béèrè?