Kọ́kọ́rọ́ Tó Wà Lọ́wọ́ Gbogbo Ayé: Ìtàn Ààbò Wáì-fáì àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀ fún Pedro

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Òwe yìí ló yẹ kó wá sí ọkàn ẹni tó bá tan Wáì-fáì orí fóònù rẹ̀ ní Pedro, lágbègbè Ṣómólú àti Bàrígà. Orúkọ oríṣiríṣi ni yóò jáde: ti ṣọ́ọ̀bù, ti ìdílé, ti ilé ìwé. Àwọn kan yóò sì wà láàrin wọn tó jẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà ló ṣì wà lára wọn. Irú èyí sábà máa ń fi hàn pé olówó ẹ̀rọ kò tíì yí ohunkóhun padà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti rà á. Ìtàn tí a fẹ́ sọ lónìí ni bí ilẹ̀kùn inú afẹ́fẹ́ yìí ṣe dáyé, àti bí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ṣe ń bọ́ sọ́wọ́ olè.

Ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀

Ní ọdún 1971, Ọ̀jọ̀gbọ́n Norman Abramson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Hawaii bẹ̀rẹ̀ sí í lo ètò kan tí wọ́n pè ní ALOHAnet. Òkun ló pín àwọn erékùṣù wọn níyà, wọ́n sì fẹ́ kí àwọn kọ̀ǹpútà tó wà káàkiri lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìsí wáyà. Ìgbì rédíò ni wọ́n lò. Ní ọdún 1985, ìjọba Amẹ́ríkà yọ̀ǹda àwọn ìgbì kan tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè máa lò láìgba ìwé àṣẹ. Ní ọdún 1997, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tí à ń pè ní IEEE gbé ìlànà àkọ́kọ́ jáde, orúkọ rẹ̀ sì ni 802.11. Ọdún 1999 ni wọ́n sọ ọ́ ní Wáì-fáì.

Àwọn tó kọ ìlànà náà mọ̀ pé ohun tí a bá sọ sínú afẹ́fẹ́, gbogbo ẹni tó wà nítòsí ló lè gbọ́ ọ. Wọ́n wá ṣe àgádágodo kan sí i, wọ́n pè é ní WEP. Ìlérí wọn ni pé ọ̀rọ̀ inú afẹ́fẹ́ yóò ní àṣírí bí ẹni pé inú wáyà ló ń gbà kọjá. Ọdún mẹ́rin péré ni ìlérí náà fi dúró. Ní ọdún 2001, Scott Fluhrer, Itsik Mantin àti Adi Shamir fi hàn nínú ìwé ìwádìí wọn pé àbùkù wà nínú ìṣirò tí wọ́n fi ṣe àgádágodo náà. Ẹni tó bá jókòó sí tòsí, tó ń gba ohun tó ń kọjá sílẹ̀, lè ti ibẹ̀ mọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Nígbà tí ìjókòó jẹ́ ilẹ̀kùn

Oṣù kẹjọ ọdún 2001 yẹn náà ni fóònù GSM bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n íntánẹ́ẹ̀tì kò tíì wọ àpò ọ̀pọ̀ ènìyàn. Sáíbà kafé ni a ń lọ. Ní Bàrígà, Ṣómólú àti Àkókà tí Yunifásítì Èkó wà, ènìyàn a ra àkókò, a jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, a sì dìde nígbà tí àkókò bá pé. Wáyà ló so kọ̀ǹpútà mọ́ra, olówó kafé sì ń wo ojú oníbàárà rẹ̀. Ìjókòó gan-an ni ilẹ̀kùn, owó tí a san sì ni kọ́kọ́rọ́.

Orí ìrònú yìí ni àwọn òfin wa dúró lé. Òfin tó de jìbìtì, èyí tó jáde ní ọdún 2006, pàṣẹ pé kí àwọn tó ní kafé íntánẹ́ẹ̀tì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ EFCC. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015 tún ní kí wọ́n ní ìwé tí oníbàárà yóò máa kọ orúkọ rẹ̀ sí, kí àwọn agbófinró lè yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tó bá yẹ.

Ṣùgbọ́n íntánẹ́ẹ̀tì ti ń kúrò nínú kafé. Okùn abẹ́ òkun ti MainOne bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó ní ọdún 2010; ẹ̀rọ MiFi kékeré wọ àpò; 5G dé ní ọdún 2022; Starlink tẹ̀ lé e ní ọdún 2023. Lónìí, ẹnikẹ́ni tó bá ní ráútà ti di olówó kafé láìmọ̀. Kò sí ìjókòó, kò sí ìwé orúkọ. Aládùúgbò tó wà lẹ́yìn ògiri lè máa lo íntánẹ́ẹ̀tì ẹni láìjẹ́ pé a rí ojú rẹ̀ rí. Bó bá sì fi lu jìbìtì, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń san owó íntánẹ́ẹ̀tì ni ìbéèrè lè kọ́kọ́ dé.

Àgádágodo tuntun wà, a kò pààrọ̀ ti àtijọ́

Nígbà tí WEP bàjẹ́, wọ́n gbé WPA jáde ní ọdún 2003, WPA2 sì tẹ̀ lé e ní ọdún 2004. Síbẹ̀, ní ọdún 2005, àwọn olè gba Wáì-fáì ṣọ́ọ̀bù kan ní Miami wọ inú kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ TJX ní Amẹ́ríkà. WEP ni ilé iṣẹ́ náà ṣì ń lò. Ìsọfúnni káàdì ìsanwó tó lé ní mílíọ̀nù 45 ni wọ́n kó kí àṣírí tó tú. Wọ́n rán ọ̀gá wọn, Albert Gonzalez, lẹ́wọ̀n ogún ọdún ní ọdún 2010.

Ìrọ̀rùn náà tún ní ewu tirẹ̀. Wọ́n ṣe ètò WPS kí ó má baà sí pé à ń tẹ ọ̀rọ̀ gígùn. Ọ̀nà kan tí a lè gbà lò ó ni nọ́ńbà onídíjíìtì mẹ́jọ. Ní ọdún 2011, Stefan Viehböck fi hàn pé ẹ̀rọ náà ń yẹ nọ́ńbà yìí wò ní ìdajì-ìdajì, tó fi jẹ́ pé ìgbìyànjú bíi 11,000 ti tó láti ṣí i. Iṣẹ́ wákàtí díẹ̀ ni.

Liberia kò jìnnà sí wa

Àwọn kan yóò ní, “Kí ni mo ní tí olè fẹ́ jí?” Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Liberia ni ìdáhùn. Ní ọdún 2016, ohun ìjà kan tí wọ́n ń pè ní Mirai jáde. Ó ń wá kámẹ́rà àti ráútà káàkiri àgbáyé, ó sì ń dán ọ̀rọ̀ aṣínà tí ilé iṣẹ́ fi sí wọn wò, irú bíi “admin” tàbí “12345”. Èyí tó bá ti ṣí, ó sọ ọ́ di ọmọ ogun rẹ̀. Daniel Kaye, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba owó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ abánidíje kan, ó sì darí irú ogun bẹ́ẹ̀ sí Lonestar, ilé iṣẹ́ fóònù ní Liberia. Íntánẹ́ẹ̀tì àwọn oníbàárà wọn dẹnu kọlẹ̀. Ilé ẹjọ́ ní Lọ́ńdọ́nù rán an lẹ́wọ̀n ní oṣù kìíní ọdún 2019.

Ẹ jẹ́ ká ronú sí i. Àwọn tó ni kámẹ́rà yẹn kò pàdánù owó, ọ̀pọ̀ wọn kò sì mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Ẹlòmíràn, ní orílẹ̀-èdè mìíràn, ló jìyà àìpààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ wọn. Nítorí náà, àgádágodo ráútà kì í ṣe ti olówó rẹ̀ nìkan. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ti gbà bẹ́ẹ̀: láti oṣù kẹrin ọdún 2024, òfin wọn kò gbà kí ilé iṣẹ́ máa ta irú ẹ̀rọ wọ̀nyí pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà kan náà tó rọrùn fún gbogbo ènìyàn.

Ohun tó kan Pedro

Ṣómólú ni ojúkò iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Èkó. Ìwé ìkésíni, kàlẹ́ńdà, rìsíìtì, káàdì ìdánimọ̀, ìwé òǹkọ̀wé: ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ. Tẹ́lẹ̀, ọwọ́ ni oníbàárà fi ń gbé iṣẹ́ wá. Nísinsìnyí, WhatsApp àti ímeèlì ló ń gbé e, ó sì ń gba Wáì-fáì onítẹ̀wé kọjá sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Àṣírí ẹlòmíràn ló wà ní ìkáwọ́ onítẹ̀wé. Bí oníbàárà tó ń dúró de iṣẹ́ rẹ̀ bá wà lórí Wáì-fáì kan náà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà yẹn, inú yàrá ni àlejò ti wọ̀, kì í ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Iṣẹ́ tó wà ńlẹ̀ kò ju ìdajì wákàtí lọ. Ara ráútà ni wọ́n sábà máa ń kọ àdírẹ́sì tí a fi ń wọ inú rẹ̀ sí. Ó lè jẹ́ 192.168.0.1 tàbí 192.168.1.1. Ohun àkọ́kọ́ ni kí a pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà tí a fi ń ṣàkóso ráútà fúnra rẹ̀, nítorí ẹni tó bá ní èyí lè yí gbogbo ìyókù padà. Lẹ́yìn náà, kí a yan WPA3. Bí ẹ̀rọ kò bá ní i, kí a yan WPA2, kí a má sì fọwọ́ kan WEP mọ́. Kí ọ̀rọ̀ aṣínà Wáì-fáì gùn, kó má jẹ́ orúkọ ṣọ́ọ̀bù tàbí nọ́ńbà fóònù tó wà lára pátákó ìta. Kí a pa WPS. Kí a gba àtúnṣe tuntun tí ilé iṣẹ́ bá gbé jáde fún ráútà náà. Ní ìparí, kí a ṣí Wáì-fáì àlejò fún oníbàárà, èyí tí ọ̀pọ̀ ráútà ní nínú, kí ti iṣẹ́ sì dá wà.

Èyí kì í ṣe ahun. Ilé tí ìdílé mẹ́wàá ń gbé ní Pedro lè pawọ́ pọ̀ san owó íntánẹ́ẹ̀tì, kò burú. Ṣùgbọ́n kí a mọ ẹni tí a fún ní kọ́kọ́rọ́, kí a sì pààrọ̀ rẹ̀ bí ayálégbé bá ti kó lọ. Láti ọdún 1997 ni àwọn onímọ̀ ti ń ṣe àgádágodo tuntun fún wa. Èyí tó ń mú olè wọlé jù ni èyí tí olówó ilé kò tì rí.