Ojúlówó Tàbí Gbàrọgùdù? Ìtàn Bí Wọ́n Ṣe Ń Yẹ Rìfọ́fà Kékeré Wò

Ọ̀rọ̀ ìbọn ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Kì í ṣe ìbọn ọdẹ tí a mọ̀ nílé, irú èyí tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè fi í sí àpò ṣòkòtò kí ẹlòmíràn má fura ni mo ní lọ́kàn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fẹ́ tọpa rẹ̀: bí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti ilé iṣẹ́, tí ó ń dán yinrin, ọ̀nà wo ni ẹni tí ó fẹ́ rà á fi lè mọ̀ bóyá ojúlówó ni? Gbogbo aláǹgbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ. Ìbọn ìléwọ́ ni Yorùbá ń pe ìbọn tí a lè fi ọwọ́ kan mú yìn. Oríṣi kan wà nínú wọn tí ó ní ìlù irin kékeré láàárín, tí wọ́n gbẹ́ ihò márùn-ún tàbí mẹ́fà sí lára, tí ọta kọ̀ọ̀kan ń gbé inú ihò tirẹ̀. Bí ìka bá ti fa ìkọ́ rẹ̀ ni ìlù náà yóò yí díẹ̀ kí ihò mìíràn lè bọ́ sí ẹ̀yìn ọ̀pá ìbọn. Èyí ni mo ń pè ní rìfọ́fà. Èdè wa kò ní ìró v. Ìró f, tí a ń ti ibi kan náà pè lẹ́nu, ni ó súnmọ́ ọn jù lọ, n kò sì rí ìdí tí a ó fi máa fi ọ̀rọ̀ gígùn júwe ohun tí ọ̀rọ̀ àyálò kan lè gbé.

Ní 1836 ni Samuel Colt gba ìwé àṣẹ oníhùmọ̀ lórí rìfọ́fà ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n láti iwájú ni wọ́n ń ki ẹ̀tù àti ọta sí tirẹ̀. Horace Smith àti Daniel Wesson ni wọ́n gbé kékeré kan jáde ní 1857 tí ẹ̀tù àti ọta rẹ̀ jùmọ̀ wà nínú ìdì kan, tí a ń ti ẹ̀yìn kì sí i. Ìwé àṣẹ ọdún 1855 tí ó jẹ́ ti Rollin White ni wọ́n fi dí ọ̀nà mọ́ àwọn yòókù, sẹ́ńtì 25 ni wọ́n sì ń san fún un lórí ìbọn kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí àṣẹ náà parí ní 1869, ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Àwọn tí ó gba ẹnu ìlẹ̀kùn náà wọlé pọ̀. Láàárín 1870 sí òpin ọ̀rúndún náà, rìfọ́fà àpò olówó pọ́ọ́kú kún ọjà Amẹ́ríkà. Púpọ̀ nínú wọn kò ní irin tí ó yí ìkọ́ wọn ká, bẹ́ẹ̀ ni kò sí orúkọ ẹni tí ó ṣe é lára wọn. Orúkọ oníjàgídíjàgan bíi Defender tàbí Swamp Angel ni wọ́n kọ sí i dípò ti olóko òwò. Àwọn tí ń kó ìbọn àtijọ́ jọ wá sọ wọ́n lórúkọ lẹ́yìn náà: ìbọn apara-ẹni. Mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí ọ̀rọ̀ orúkọ tí kò sí lára ìbọn yìí. Ẹni tí ó ṣe ohun tí ó dára kì í sábà fi orúkọ ara rẹ̀ pamọ́.

Ní Yúróòpù, wọn kò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún ẹ̀rí ọkàn alágbẹ̀dẹ. Láti 1672 ni wọ́n ti ń dán ọ̀pá ìbọn wò ní Liège, ìlú tí ó wà ní Bẹ́ljíọ̀mù òde òní. Birmingham sì gba ilé ìdánwò tirẹ̀ nípa òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1813. Wọn a ki ẹ̀tù tí ó le ju ti ojoojúmọ́ lọ sínú ìbọn, wọn a yìn ín. Bí kò bá fọ́, tí kò sì wú, wọn a lu òǹtẹ̀ sí i lára. Ìlú méjèèjì yìí kò ṣàjèjì sí wa rárá: láti ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìbọn tí àwọn oníṣòwò kó gúnlẹ̀ sí etí òkun wa ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ti wá. Amẹ́ríkà ní tirẹ̀ kò ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ títí di òní. Orúkọ ilé iṣẹ́ nìkan ni olùrà ní láti gbójú lé.

Ọ̀pá tí kò fọ́ sì jẹ́ ìdajì ọ̀rọ̀ náà péré. Ìbọn àpò máa ń já bọ́. Bí òòlù rẹ̀, ìyẹn irin tí ń lu ìdí ọta, bá fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ó lè yìn fúnra rẹ̀. Iver Johnson ṣe ètò kan láti dènà èyí ní àwọn ọdún 1890: irin kékeré kan ń gòkè sáàárín òòlù àti ìdí ọta nígbà tí ìka bá fa ìkọ́ nìkan. Ó fi polówó títí, ó ní ẹni tí ó bá fẹ́ lè fi òòlù káfíńtà lu òòlù ìbọn náà. Ó tilẹ̀ ya ọmọbìnrin kékeré kan sórí ibùsùn pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́, àwòrán tí kò sí ẹni tí yóò jẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde lónìí. Ìbọn ilé iṣẹ́ yìí, tí kò wọ́n, ni wọ́n fi yìnbọn lu Ààrẹ William McKinley ní Buffalo ní oṣù kẹsàn-án 1901.

Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá pẹ̀lú kò bọ́ nínú rẹ̀. Ní 1944, rìfọ́fà Smith & Wesson kan já bọ́ sórí irin nínú ọkọ̀ ojú omi ológun Amẹ́ríkà, ó yìn, ó sì pa atukọ̀ kan. Ilé iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn fi ń ṣe òṣùwọ̀n ni, síbẹ̀ ìdènà inú rẹ̀ kò tó. Kíá ni wọ́n tún un ṣe kí ogun àgbáyé kejì tó parí. Irú ìdènà tuntun bẹ́ẹ̀ ni Chiefs Special wọn, oníhò márùn-ún, bá wáyé ní 1950, òun sì ni púpọ̀ nínú àwọn rìfọ́fà àpò òde òní ń fara wé.

Nígbà tí ó di 1968, lẹ́yìn tí wọ́n pa Martin Luther King àti Robert Kennedy, òfin Amẹ́ríkà dá sí ọ̀rọ̀ dídára fún ìgbà àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n lórí ìbọn ilẹ̀ òkèèrè nìkan. Rìfọ́fà tí ọ̀pá rẹ̀ kò tó íńṣì mẹ́ta kò gbọdọ̀ wọlé. Nínú ìdánwò, wọ́n ń ju ohun tí ó wúwo tó ìbọn náà sẹ́yìn òòlù rẹ̀ láti gíga íńṣì 36, lẹ́ẹ̀marùn-ún, kò sì gbọdọ̀ yìn. Ọgbọ́n àrékérekè kò pẹ́ dé: ilé iṣẹ́ Röhm ti Jámánì ń kó ẹ̀yà ìbọn wọlé, wọ́n ń tò ó pọ̀ ní Miami. Irú rẹ̀, RG-14, ni wọ́n fi yìnbọn lu Ààrẹ Ronald Reagan àti ẹni mẹ́ta mìíràn ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta 1981. Ọta mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni ó jáde láìkọ́sẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń sọ pé ìbọn pọ́ọ́kú kò lè pa ènìyàn ń tan ara rẹ̀ jẹ.

Àwọn ìpínlẹ̀ kan gbìyànjú ohun mìíràn. South Carolina fi òfin de ìbọn tí ara rẹ̀ bá ń yọ́ kí ooru tó dé nǹkan bí 427 lórí òṣùwọ̀n Celsius, nítorí àdàlù síǹkì tí àwọn olówó pọ́ọ́kú ń lò. Ní Maryland, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ dájọ́ ní 1985 pé ẹni tí wọ́n fi irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ṣe léṣe lè pe olùṣe rẹ̀ lẹ́jọ́. Ní 1988, òfin mìíràn pa ìdájọ́ náà rẹ́, ó sì dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ tí yóò máa ṣe àkójọ àwọn ìbọn tí a lè tà. Ẹ̀sùn kan kò yéé bá irú òfin wọ̀nyí rìn: pé tálákà, àwọn aláwọ̀ dúdú pàápàá, ni wọ́n ń fi gba ohun ìdáàbòbò lọ́wọ́ wọn. N kò rò pé ẹ̀sùn tí a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn ni.

Nípa àwọn tuntun òde òní, awuyewuye tí ó gbilẹ̀ jù ni pé ti àtijọ́ sàn jù. Láti àwọn ọdún 1990 ni Smith & Wesson ti ń ṣe òòlù àti ìkọ́ láti inú ìyẹ̀fun irin tí wọ́n pò mọ́ ohun lílẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ sínú àwo ìdà, tí wọ́n sì fi iná mú le. Ní 2009, Ruger gbé LCR jáde, èyí tí apá kan ara rẹ̀ jẹ́ ike. Colt náà padà dé pẹ̀lú Cobra tuntun ní 2017, orúkọ tí ó kọ́kọ́ lò ní 1950. Èrò tèmi ni pé àwọn tí ń yin ti àtijọ́ gbàgbé ìbọn apara-ẹni pátápátá. Èyí tí ó dára ni ó kù tí à ń rí. Àwọn yòókù ti dìpàǹtí. Colt àtijọ́ pàápàá, tí àgbà oníṣẹ́ ń fi ayùn ìrin ha lọ́kọ̀ọ̀kan, a máa tètè nílò àtúnṣe bí inú rẹ̀ bá ti ń jẹ. Ẹ̀yà tí wọ́n dà bára mu kì í ṣe àbùkù. Ibi tí àbùkù wà ni pé ọwọ́ tí ń ha á nígbà náà ni ojú tí ń yẹ̀ ẹ́ wò, a sì ti mú ọwọ́ náà kúrò.

Ìdí nìyí tí olùrà tí ó gbọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò náà fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn tí ó bá ti rí i dájú pé kò sí ọta nínú rẹ̀, yóò fa òòlù sẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lórí ihò kọ̀ọ̀kan. Ìlù gbọ́dọ̀ há pinpin kí òòlù tó dé òpin. Bí kò bá há, ihò kò dọ́gba mọ́ ọ̀pá, ọta yóò ha ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kọjá, òjé yóò sì ta sí ojú ẹni tí ó dúró nítòsí. Yóò gbé e sí ìmọ́lẹ̀ láti wo àlàfo tí ó wà láàárín ìlù àti ọ̀pá: ìdá kan sí méjì nínú mẹ́wàá mìlímítà ni ó yẹ kí ó jẹ́. Yóò wo irin ìfojúsùn iwájú bóyá ó dúró ṣánṣán tàbí ó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, nítorí ọ̀pá tí wọ́n yí kọjá ààyè ń bẹ lára àwọn tuntun ju bí ó ti yẹ lọ.

Ní ilẹ̀ wa, òfin ìbọn ti 1959 ka rìfọ́fà mọ́ ìbọn tí a fi òfin dè, nígbà tí ṣakabùlà wà ní ìsọ̀rí tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ní Amẹ́ríkà, orúkọ ilé iṣẹ́ nìkan ni ìbọn tuntun ń gbé dé ọwọ́ olùrà. Bí ìbọn kan náà bá kọjá òkun lọ sí Jámánì, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dán an wò ní ilé ìdánwò, bí irú èyí tí ó wà ní Ulm, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sí i lára kí ẹnikẹ́ni tó lè tà á níbẹ̀.