Òfin Ń Yí, Òjò Kì í Dúró: Ìtàn Bí Ìjọba Ṣe Ń Ra Ajílẹ̀ fún Àgbẹ̀

Láti oṣù kẹta ọdún títí òjò yóò fi dá, ìbéèrè kan wà tí kì í tán lẹ́nu yín bí àwa òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ bá bẹ̀ yín wò lóko: "Ọ̀gá, ajílẹ̀ ìjọba ńkọ́?" Nígbà mìíràn a ó ní ó ń bọ̀. Nígbà mìíràn a ó ní wọ́n ti yí ètò padà, kí ẹ ṣe sùúrù. Ọ̀rọ̀ "wọ́n ti yí ètò padà" yìí ni mo fẹ́ kí á tú wò lónìí. Ó ń lọ sí àádọ́ta ọdún tí àwọn àgbẹ̀ ti ń gbọ́ ọ. N ó sọ ìtàn rẹ̀, kí á lè mọ ohun tó kù fún àwa fúnra wa láti ṣe.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Bí ìjọba bá fẹ́ ra nǹkan, yálà àga ilé-ìwé ni tàbí àpò ajílẹ̀ òyìnbó tí púpọ̀ nínú wa ń pè ní fatiláísà, kì í ṣe bí ìyàwó ilé ṣe ń lọ ra iyọ̀ lọ́jà. Owó gbogbo ìlú ni wọ́n fẹ́ ná. Nítorí náà òfin ní láti sọ ẹni tó lè rà á, bí a ó ṣe pe àwọn agbaṣẹ́ṣe kí wọ́n wá dá iye lé ọjà náà, ẹni tí yóò yẹ ọjà wò, àti ìgbà tí a ó sanwó. Òfin ìnáwó tí wọ́n ṣe ní 1958, nígbà tí òyìnbó ṣì ń jọba lé wa lórí, ni Nàìjíríà ń lò fún èyí títí ọ̀rúndún tó kọjá fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ìwé àṣẹ ni wọ́n ń fi lẹ̀ ẹ́ níhìn-ín lọ́hùn-ún, bí ẹni ń lẹ aṣọ oko.

Kí ọdún 1976 tó dé, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ra ajílẹ̀ tirẹ̀ láti òkè òkun. Ní 1976 náà, tí ìjọba Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé ètò OFN kalẹ̀ kí oúnjẹ lè pọ̀ nílùú, ìjọba àpapọ̀ kó ríra ajílẹ̀ sọ́wọ́ ara rẹ̀. Ẹ̀ka kan ní iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ló ń rà á fún gbogbo orílẹ̀-èdè, tó sì ń pín in fún àwọn ìpínlẹ̀. Ìjọba ń san púpọ̀ nínú owó rẹ̀, àgbẹ̀ ń san díẹ̀. Ní 1987, iléeṣẹ́ NAFCON ní Onne, ní ìpínlẹ̀ Rivers, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ajílẹ̀ nílé.

Ètò yìí ṣe rere. Ọ̀pọ̀ bàbá wa ni kò da ajílẹ̀ òyìnbó sí ìdí àgbàdo rí kí ó tó dé. Ṣùgbọ́n ọ̀nà láti èbúté dé abúlé jìn, ọwọ́ tí àpò kan ń gbà kọjá sì pọ̀. Ẹni tó mọ ènìyàn ní ọ́fíìsì ń rí ogójì àpò, ẹni tó ní oko kò rí méjì. Àwọn kan ń kó o kọjá ẹnubodè lọ tà. Ohun tí ìjọba ní kí wọ́n tà ní owó pọ́ọ́kú, owó gọbọi ni wọ́n ń tà á lọ́jà. Nítorí náà, kò sí ẹni tó lè sọ pé kò yẹ kí wọ́n tún ètò náà ṣe.

Ní 1997, wọ́n tún un ṣe lóòótọ́. Ìjọba àpapọ̀ yọwọ́ nínú ríra ajílẹ̀ àti pípín in, ó sì fa owó ìrànwọ́ kúrò. Wọ́n ní kí àwọn oníṣòwò máa kó o wọlé, kí wọ́n sì máa tà á. Èrò náà kò burú lórí ìwé. Ṣùgbọ́n fún ogún ọdún tí ìjọba fi ń ta ajílẹ̀ ní iye tí ẹnikẹ́ni kò lè bá a tà á, oníṣòwò wo ni ì bá ti kọ́ ilé ìkẹ́rùsí dè é? Ta ni ì bá ti ní ọkọ̀ àti ìdúnàádúrà pẹ̀lú àwọn ará òkè òkun? Wọ́n ti ilẹ̀kùn àtijọ́ kí tuntun tó ṣí. Iye ajílẹ̀ tí orílẹ̀-èdè yìí ń lò já wálẹ̀ gidigidi ní àwọn ọdún náà.

Mo rántí ọdún yẹn dáadáa. Ilé-ìwé girama ni mo wà. Bàbá mi ti gbin àgbàdo, ó sì ti di owó àpò mẹ́rin pamọ́ ní iye tó mọ̀ tẹ́lẹ̀. A dé ibi tí a ti máa ń rà á, a bá a ní títì pa. Ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ kò lè sọ ju pé "ètò ti yí" lọ. Nígbà tí a fi rí i rà lọ́jà, owó àpò mẹ́rin kò ra ju méjì lọ, àgbàdo wa sì ti pọ́n lójú ewé láti ìsàlẹ̀. Kò sí ẹni tó jí owó wa. Síbẹ̀ a pàdánù ìkórè ọdún náà. Bàbá mi kò bínú sí àtúnṣe náà. Ohun tó sọ ni pé ì bá dára kí ẹnì kan ti sọ fún òun ní oṣù kejì.

Ní 1999, nígbà tí ìjọba alágbádá padà dé, owó ìrànwọ́ tún padà, ìdá mẹ́rin kan owó ajílẹ̀. Ìjọba tún ń gbé iṣẹ́ fún àwọn agbaṣẹ́ṣe. Ní 2001, wọ́n dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ tí àwọn ará ìlú ń pè ní "Due Process", láti máa yẹ iye tí agbaṣẹ́ṣe bá dá wò. Arábìnrin Oby Ezekwesili ló darí rẹ̀, ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù náírà ni wọ́n sì ní ó gé kúrò nínú iye iṣẹ́ tí wọ́n bù lé. Láti inú èyí ni Òfin Ríra Ọjà Ìjọba ti ọdún 2007 ti jáde, tí òun ṣì ni òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ìpínlẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tiwọn.

Òfin 2007 yìí dára. Ó ní kí a má ra ohun tí kò sí nínú ètò ìṣúná. Ó ní kí a kéde iṣẹ́ ńlá nínú ìwé ìròyìn, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ọjọ́ gbígba ìwé àwọn agbaṣẹ́ṣe tó pé. Ó ní kí a ṣí àwọn ìwé náà ní gbangba. Olè kò fẹ́ irú òfin bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí á fi kàlẹ́ńdà àgbẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ẹni tó bá gbin àgbàdo àkọ́rọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin yóò fi ajílẹ̀ NPK sí i ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tó hù, yóò sì fi yúríà kún un ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́fà. Bí ìyẹn bá kọjá, àgbàdo yóò ti fẹ́ yọ ọmọ. Ajílẹ̀ tó bá dé lẹ́yìn náà, koríko ló ń bọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí òfin fi kéde nìkan ti gba gbogbo àsìkò náà tán, kí a tó máa sọ ti yíyẹ ìwé wò, bíbuwọ́ lùwé, àti kíkó ẹrù. Bẹ́ẹ̀ ètò ìṣúná gan-an ní láti kọ́kọ́ di òfin. Ní 2017, ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ni wọ́n tó buwọ́ lu ètò ìṣúná ìjọba àpapọ̀. Ní 2018, ogúnjọ́ oṣù kẹfà ni. Ẹni tó bá ń dúró de ohun tí owó ọdún náà yóò rà ti ń jẹ àgbàdo sísè lọ́wọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Òfin ń ṣọ́ owó, ó sì yẹ kí ó ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n àsìkò pẹ̀lú owó ni fún àgbẹ̀, kò sì sí òfin tó ń ṣọ́ ọ fún un.

Ní 2012, wọ́n tún ètò yí. Mínísítà ètò ọ̀gbìn nígbà náà, Ọ̀mọ̀wé Akínwùmí Adéṣínà, sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún àgbẹ̀, mọ́kànlá péré ni ajílẹ̀ ìjọba ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìjọba jáwọ́ nínú ríra ajílẹ̀. Wọ́n forúkọ àgbẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì ń fi ìwé ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀ kí ó lọ gba àpò méjì ní ìdajì owó lọ́dọ̀ oníṣòwò tó wà nítòsí. Àgbẹ̀ tí kò mọ ẹnikẹ́ni ní ọ́fíìsì rí gbà á fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré. Síbẹ̀, ibi tí fóònù kò ti ń gba iná ojú ọ̀run, wàhálà wà níbẹ̀. Nígbà tó sì yá, ìjọba jẹ àwọn oníṣòwò tó ti gbé ọjà sílẹ̀ ní gbèsè, púpọ̀ nínú wọn sì pa ìsọ̀ wọn dé. Ẹ tún rí i: ètò tuntun gbára lé àwọn ènìyàn kan, owó wọn há, ọ̀nà sì dí.

Ní oṣù kejìlá 2016, ìjọba Ààrẹ Muhammadu Buhari bá ilẹ̀ Mòrókò ṣe àdéhùn kí wọ́n máa kó fọ́sífeeti wá, kí a sì máa po ajílẹ̀ nílé. Ní 2017, ₦5,500 ni wọ́n ní kí a ta àpò NPK 20-10-10 kan. Àwọn iléeṣẹ́ tó ti kú jí padà. Láàárín ìgbà náà, Indorama bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe yúríà ní Eleme ní 2016, wọ́n sì ṣí ti Dangote ní Lẹ́kí ní 2022. Ní 2019, òfin mìíràn dé tó sọ pé ẹni tó bá ta ajílẹ̀ ayédèrú tàbí àpò tí kò pé yóò jẹ̀bi.

Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọdún yìí ni wèrè ẹ̀ẹ̀mìíràn. Èmi kò rí i pé wèrè ni gbogbo rẹ̀. Ìdí wà fún àyípadà kọ̀ọ̀kan, n kò sì ní bẹ̀bẹ̀ pé kí a padà sí ìgbà ogójì àpò fún ẹni tí kò lóko. Ohun tó ń dun àgbẹ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n ń pa ètò àtijọ́ tì, tí tuntun sì ń bẹ̀rẹ̀ lójú òjò. Òrìṣà, bí o kò bá lè gbè mí, ṣe mí bí o ti bá mi. Ẹni tó bá fẹ́ yí ètò padà, oṣù kọkànlá ni kí ó yí i, nígbà tí ọkọ́ wà lókè àjà. Kí ó sì jẹ́ kí àtijọ́ ṣiṣẹ́ títí tuntun yóò fi lè dá dúró. Èyí ló yẹ kí àwọn aṣojú ẹgbẹ́ yín máa sọ ní gbogbo ìpàdé tí wọ́n bá pè yín sí.

Ní tiwa, ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni mo rí kọ́. Èkíní, kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù máa yọ owó ajílẹ̀ sọ́tọ̀ nígbà ìkórè, kí wọ́n sì rà á pọ̀ ní oṣù kìíní tàbí ìkejì. Bí ti ìjọba bá dé lẹ́yìn náà, èrè ni. Ẹ lè fi í pamọ́ síbi gbígbẹ de àgbàdo ìgbà kejì. Èkejì, ẹ máa wọn àpò, ẹ máa wo ohun tí wọ́n kọ sí i lára, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Ẹ̀kẹta, ẹ má pa ìgbẹ́ adìyẹ, pàǹtírí jíjẹrà, àti ẹ̀wà gbígbìn sáàárín àgbàdo tì. Ẹnikẹ́ni kò ní kéde wọn nínú ìwé ìròyìn kí ẹ tó lò wọ́n.

Bí ẹgbẹ́ bá jókòó lórí ìwé yìí, kí wọ́n jíròrò lórí èyí: Ọjọ́ wo ni ajílẹ̀ dé ọwọ́ wa lọ́dún tó kọjá, ìpele wo sì ni àgbàdo wa wà nígbà náà? Èló ni ìdádúró náà ná wa? Kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Bí a bá lọ bá ìjọba pẹ̀lú ọjọ́ àti iye lọ́wọ́, wọn kò ní lè pe ọ̀rọ̀ wa ní ẹjọ́ ẹnu lásán.