Ọkọ̀ Ojú Irin Elèéfín, Kámẹ́rà àti Etí Àgbà: Ohun tí ó Kù nínú Ìtàn Rélùwéè Wa

Ìfáárà

Ní àsìkò ọyẹ́ tó kọjá, a kó akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́sàn-án láti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìtàn lọ sí Kubwa, ní ibi tí ènìyàn ti lè máa wo ojú irin Abuja sí Kaduna láti òkèèrè láìsí ewu. Iṣẹ́ tí a gbé fún wọn kò le. Kí wọ́n dúró de ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Idu, kí wọ́n fi fóònù wọn ya fídíò rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí àti ohun tí wọ́n gbọ́ sílẹ̀. Mẹ́jọ nínú wọn kọ ohun tí wọ́n rí nìkan. Ẹnì kan ṣoṣo ló mẹ́nu kan ìró, ohun tó sì kọ kò ju pé ọkọ̀ náà fọn fèrè, ó sì kọjá.

A kò bá wọn wí. Ẹ́ńjìnnì tó ń fi dísẹ́ẹ̀lì ṣiṣẹ́ ni ó ń fa ọkọ̀ yẹn, ìró rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti jẹnẹrétọ̀ ńlá. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tó kọ nípa ìró náà sọ fún wa pé bàbá àgbà òun ń gbé lọ́dọ̀ àwọn ní Kubwa, àti pé iṣẹ́ rélùwéè ni wọ́n ṣe nígbà èwe wọn. A lọ kí wọn. Bàbá ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Àwọn ni wọ́n máa ń fi ṣọ́bìrì da èédú sínú iná ẹ́ńjìnnì, lójú ọ̀nà Òṣogbo sí Jẹ́bà. A bi wọ́n bóyá wọ́n máa ń gbọ́ ọkọ̀ tó ń kọjá. "Mò ń gbọ́ ọ," ni wọ́n wí, "ṣùgbọ́n kì í sọ nǹkan kan."

Ọ̀rọ̀ Bàbá yìí ni a gbé bébà yìí kà. Èrò wa ni pé ìtàn ọkọ̀ elèéfín ní ilẹ̀ wa wà nínú etí àti ọwọ́ àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ju bí ó ṣe wà nínú àwòrán lọ. Ẹ́ńjìnnì tí a gbé kalẹ̀ sójú kan, tí a kùn lọ́dà, tí kò dáná mọ́, kò lè sọ ìtàn náà fún ẹnikẹ́ni. Èyí tó bá ń rìn lójú irin, tí àwọn ènìyàn sì ń wò ó, tí wọ́n ń yà á sínú fídíò, ni ó lè sọ ọ́.

Bí ó ṣe dé, àti ẹni tó ní kámẹ́rà

Ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ojú irin láti Ìddó. Ọdún kan náà ni àwọn ará Faransé wo fíìmù àwọn ọmọ ìyá Lumière, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń wọ ibùdókọ̀ ìlú La Ciotat. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni kámẹ́rà fíìmù ti fẹ́ràn ọkọ̀ elèéfín, nítorí ó tóbi, ó ń rìn, ó sì ń rú èéfín. Ojú irin tiwa dé Ìbàdàn ní ìparí ọdún 1900, wọ́n sì ṣí i ní 4 Oṣù Kẹta 1901. Ó dé Ìlọrin ní 1908, ó dé Jẹ́bà ní 1909. Kí afárá Jẹ́bà tó parí ní 1916, ọkọ̀ ojú omi ni ó ń gbé ọkọ̀ ojú irin kọjá Odò Ọya. Ní 1912 ni wọ́n pa rélùwéè Èkó àti ti Baro sí Kano pọ̀ di ẹyọ kan.

Èédú tí wọ́n ń kó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń dáná. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wa èédú ní Enugu ní 1915, tiwa gba ipò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí, nítorí pé ẹni tó bá ń wo èéfín bí ohun ẹlẹ́wà lè gbàgbé ibi tó ti wá. Ní 18 Oṣù Kọkànlá 1949, ọlọ́pàá ìjọba amúnisìn yìnbọn pa mọ́kànlélógún nínú àwọn awakùsà èédú ní Iva Valley, Enugu. Ọdún mẹ́rin ṣáájú èyí, ní 1945, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè wà lára àwọn tó léwájú nínú ìyanṣẹ́lódì tó kárí orílẹ̀-èdè, Michael Imoudu sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn aṣáájú wọn. Hubert Ogunde fi ọ̀rọ̀ ìyanṣẹ́lódì náà ṣe eré orí ìtàgé tó pè ní Strike and Hunger. Èyí dùn mọ́ wa nínú púpọ̀: nígbà tí kò sí kámẹ́rà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, orí ìtàgé ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbà jáde.

Ọwọ́ ìjọba àti àwọn àjèjì ni kámẹ́rà pọ̀ sí nígbà náà. Ilé-iṣẹ́ Colonial Film Unit, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní 1939, ya fíìmù káàkiri Áfíríkà, ṣùgbọ́n ohun tí ìjọba fẹ́ kí ará ìlú mọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láti bi adáná léèrè bí apá ṣe ń dùn ún.

Bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń wò ó

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 11 Oṣù Kẹjọ 1968 ni ọkọ̀ elèéfín ìkẹyìn tí ilé-iṣẹ́ rélùwéè ìjọba fi kó èrò rìn lójú irin ńlá. Lẹ́yìn náà wọ́n fòfin de irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ títí di 1971, àfi ẹ̀yọ kan, Flying Scotsman, tí olówó rẹ̀ ti bá wọn ṣe àdéhùn tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà, àwọn ẹgbẹ́ tó ti fi owó ara wọn ra ẹ́ńjìnnì àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn jáde. Àwọn ènìyàn a mọ ọjọ́ àti wákàtí tí ọkọ̀ yóò kọjá, wọn a lọ dúró lórí afárá àti ní ẹ̀bá oko pẹ̀lú kámẹ́rà. Wọ́n fẹ́ràn ọjọ́ òtútù, nítorí pé èéfín omi máa ń funfun dáadáa nígbà náà. Wọ́n fẹ́ràn ibi tí ojú irin ti ń gun òkè jùlọ, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́ gidi, ibẹ̀ ni ó sì ti ń pariwo.

Ìfẹ́ yìí ní ewu tirẹ̀. Ní 25 Oṣù Kejì 2016, nígbà tí Flying Scotsman ń lọ láti London sí York lẹ́yìn àtúnṣe tó gba ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tó fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀ bọ́ sórí ojú irin gan-an, ọkọ̀ náà sì ní láti dúró lọ́nà. Akẹ́kọ̀ọ́ wa kan bú sẹ́rìn-ín nígbà tí a sọ èyí fún wọn, ó ní òun rò pé àwa nìkan ni a máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tó tóbi jù fún wa ni ti Tornado. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní irú ẹ́ńjìnnì kan tí wọ́n ń pè ní A1. Mọ́kàndínláàádọ́ta ni wọ́n ṣe, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n sì gé fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Wọn kò fi ẹyọ kan sílẹ̀. Ní 1990 ni àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í dáwó jọ láti ṣe òmíràn láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì di 2008 kí Tornado tó dáná kó sì rìn. Ọdún méjìdínlógún gbáko ni wọ́n fi wá ohun tí àwọn bàbá wọn tà bí irin àlòkù.

A gbé fídíò Tornado lọ fún Bàbá ní Kubwa. Ọmọ ọmọ wọn di fóònù mú níwájú wọn. A rò pé ọ̀dà àwọ̀ ewé rẹ̀ ni yóò wù wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí a gbé fóònù náà sún mọ́ etí. Wọ́n pa ojú dé. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ wọ́n ní, "Ẹ dá a padà sẹ́yìn." A dá a padà. Wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá itan wọn. "Ẹsẹ̀ èyí pọ̀ ju tiwa lọ," ni wọ́n wí.

Òótọ́ ni. Nínú ẹ́ńjìnnì elèéfín, sìlíńdà kọ̀ọ̀kan máa ń tú èéfín jáde ní ẹ̀ẹ̀mejì nígbà tí táyà irin bá yí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ́ńjìnnì tó ní sìlíńdà méjì, irú èyí tí Bàbá bá ṣiṣẹ́, a máa dún lẹ́ẹ̀mẹrin. Tornado ní sìlíńdà mẹ́ta, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mẹfà ni ó ń dún. Bàbá kò mọ̀ nǹkan kan nípa Tornado, wọn kò sì wo ara rẹ̀. Etí ni wọ́n fi kà á, bí onílù ṣe ń mọ̀ pé ẹnì kan ti wọ inú ìlù tí òun ò pè. Wọ́n tún sọ fún wa pé ìró yìí ni àwọn fi ń mọ̀ bí iná ṣe rí: bí ó bá ń dún wúwo tí ó sì ń falẹ̀, òkè ni ọkọ̀ ń gùn, kí adáná má jókòó, bí ẹsẹ̀ kan bá dún ju èkejì lọ, nǹkan ti yẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n sọ fún awakọ̀. Àwọn ọmọdé ìlú tó wà lẹ́bàá ọ̀nà náà ní tiwọn a máa fi ọ̀rọ̀ sí ìró náà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ sí ohùn ẹyẹ. Bàbá ní Òṣogbo kì í sọ ohun tí Ọ̀ffà ń sọ.

A kò rí èyí nínú ìwé kankan tí a kà lórí rélùwéè. Àwọn ìwé náà ń sọ iye máìlì àti iye owó.

Àwọn ẹbí ẹ́ńjìnnì wa

Láti 1948 ni wọ́n ti ń kó ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní River wá sí Nàìjíríà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ́ńjìnnì náà dára tó bẹ́ẹ̀ tí rélùwéè Ìlà-Oòrùn Áfíríkà fi gba àwòrán rẹ̀, tí wọ́n tún un ṣe díẹ̀, tí wọ́n sì pè é ní irú 29. Ọ̀kan nínú irú 29 yìí, nọ́ńbà 2921, wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rélùwéè ní Nairobi, èyí tí wọ́n ṣí ní 1971. Àbúrò rẹ̀, nọ́ńbà 3020, tún ti dáná fún àwọn àlejò láti ibẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ẹ́ńjìnnì tí a kọ́kọ́ yà fún Nàìjíríà ṣe rí, Kenya ni yóò lọ.

Ní Sierra Leone, rélùwéè wọn ti kógbá sílé ní àárín àwọn ọdún 1970, ṣùgbọ́n ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rẹ̀ ṣí ní Freetown ní 2005. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ́ńjìnnì wọn, nọ́ńbà 85, ti wà ní Wales láti 1975, lórí ojú irin kékeré Welshpool àti Llanfair. Tiwa ní Èkó, ẹgbẹ́ Legacy tún Jaekel House ṣe nínú ọgbà rélùwéè ní Èbúté Mẹ́tta, ilé pákó ọdún 1898 kan. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe, a sì kí wọn. Síbẹ̀, kò sí ẹ́ńjìnnì elèéfín kan tó ń rìn lójú irin ńlá ní Nàìjíríà lónìí.

Kí ló kan Abuja?

Wọ́n lè bi wá pé kí ló kan Abuja nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọkọ̀ elèéfín kò kó èrò wá síbí rí. Ọdún 1976 ni wọ́n ṣòfin tó dá olú-ìlú yìí sílẹ̀, 26 Oṣù Keje 2016 sì ni ojú irin Abuja sí Kaduna ṣí. Àlàfo àárín irin rẹ̀ jẹ́ 1435 mílímítà, ti àtijọ́ sì jẹ́ 1067. Bí a bá tilẹ̀ rí ẹ́ńjìnnì River kan tún ṣe lónìí, kò lè wọ Idu. Ojú irin àtijọ́ tó gba Òṣogbo, Ọ̀ffà, Ìlọrin àti Jẹ́bà lọ sí Minna nìkan ni ó lè gbà á. Bí àwọn olè bá tú irin náà tà tán, bí koríko bá bò ó, kò sí ibi tí a ó gbé e sí mọ́, owó yòówù kí a ní. Abuja ni wọ́n ti ń pinnu èyí tí wọn yóò tún ṣe àti èyí tí wọn yóò jẹ́ kó jẹrà.

Àwọn ènìyàn ṣì ń fẹ́ ojú irin yẹn. Ní àkókò Gómìnà Rauf Aregbesola, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun máa ń háyà ọkọ̀ ojú irin láti Èkó sí Òṣogbo nígbà ọdún, láìgba owó lọ́wọ́ èrò. Irú ọjọ́ ọdún bẹ́ẹ̀ ni a rí bí ọjọ́ tó yẹ kí ẹ́ńjìnnì àtijọ́ kan jáde, kódà bí kò bá lọ ju Òṣogbo sí Ọ̀ffà lọ.

Nípa fídíò yíyà, a ní láti sọ òtítọ́. Ní ibùdókọ̀ kan, ẹ̀ṣọ́ gba fóònù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, ó sì pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a mú lẹ́tà kọ́lẹ́ẹ̀jì dání. Ó dùn wá. Ṣùgbọ́n a kò gbàgbé ohun tí àwọn agbébọn ṣe sí ọkọ̀ Abuja sí Kaduna ní 28 Oṣù Kẹta 2022, a sì mọ̀ pé ẹ̀ṣọ́ náà kò gbàgbé. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni ibi kan ní ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan tí a ti lè dúró yà á láìfarapamọ́.

Ní báyìí, ohùn Bàbá ni a ní, wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú díẹ̀, pẹ̀lú ìró àtẹ́lẹwọ́ wọn lórí itan níbi tí ọkọ̀ ti ń gun òkè. Wọ́n dárúkọ ẹni mẹ́ta tí àwọn jọ ṣiṣẹ́. A pe èkíní, ọmọ rẹ̀ ló gbé fóònù, ó ní a ti pẹ́. Èkejì wà ní Minna, etí rẹ̀ ti di. Ẹ̀kẹta wà ní Ọ̀ffà, ó ní kí a máa bọ̀, kí a má sì gbàgbé láti mú fídíò ọkọ̀ òyìnbó náà dání.