Kánsẹ́lọ̀ Tí Kò Sí Níjòókòó: Ta Ni Yóò Dìbò Ní Ipò Rẹ̀?

Kì í ṣe ohun àjèjì fún àwọn baba wa pé kí ẹnìkan dúró ní ipò ẹlòmíràn. Bí ọba kò bá lè lọ sí òde, a rán ọ̀pá àṣẹ rẹ̀, a sì bọ̀wọ̀ fún un bí ẹni pé Kábíyèsí fúnra rẹ̀ ni ó wọlé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbé ọ̀pá kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún iṣẹ́ tí a rán an.

Òfin ìjọba ìbílẹ̀ ti Ìwọ̀-Oòrùn ti ọdún 1952 mú àpẹẹrẹ rẹ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí a ti ń ka ìbò àwọn tí ó jókòó nìkan. Ẹ rántí, ẹ̀yin ará, pé Dífísọ̀n Òkìtìpupa kì í ṣe ti Ìkálẹ̀ nìkan. Ìlàjẹ, Àpọ́ì àti Àrògbò wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ń ti etí òkun bọ̀, ọkọ̀ ojú omi ni yóò kọ́kọ́ wọ̀. Bí ìjì bá jà, tàbí tí ibà dá a dúró, àwọn abúlé tí ó rán an kò ní ohùn ní ọjọ́ náà.

Ní Ìlú Ọba fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí tún hú jáde. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, Tulip Siddiq, ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin láti Lọ́ńdọ̀nù, sún iṣẹ́ abẹ ìbímọ rẹ̀ síwájú, a sì fi kẹ̀kẹ́ aláìsàn tì í wọlé kí ó lè dìbò. Ariwo ta; kí oṣù náà tó parí, wọ́n gbà kí òbí ọmọ tuntun máa rán ẹlòmíràn dìbò. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ìjọba bèèrè èrò aráàlú nípa àwọn kánsẹ́lọ̀. Ní 2025, wọ́n kéde pé àwọn yóò ṣe òfin lé e lórí.

Nílé ńkọ́? Ní 11 oṣù keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé owó ìjọba ìbílẹ̀ tọ́ sí kánsù tí aráàlú dìbò yàn. Nítorí náà, ìbò kan lè sọ ibi tí ọ̀nà yóò gbà. Ẹ̀rù sì ń bà wá, kí kánsẹ́lọ̀ má baà fi Èkó ṣe ibùgbé, kí ó fi ìbò wa sí àpò ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àwa yóò fara mọ́ ọn fún aláìsàn, abiyamọ àti ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, bí ó bá ti kọ ohun tí yóò dì sínú ìwé ṣáájú, tí akọ̀wé kánsù sì kà á sókè. Ẹni tí òwò gbà lọ́wọ́ pátápátá, kí ó fi ipò sílẹ̀ fún ẹni tí yóò lè jókòó.